Ilé tí wọ́n ní wọ́n bí Clapperton sí: ìdáhùn fún àbúrò tó ń wá ìtàn ìlú Annan

Lẹ́tà tó wọlé sí mi nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe nílùú Annan, ní gúúsù Skọ́tláńdì. Màmá àgbà kan tí mò ń tọ́jú ló sọ fún mi pé ọmọ ìlú àwọn ni Clapperton tó rìn dé ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, àti pé ilé tí wọ́n bí i sí ṣì wà ní òpópónà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìtàn ìlú yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ìdílé Bruce àti ọ̀rọ̀ ogun nìkan ni mo ń rí. Ẹnì kan tún ní kí n má dààmú ara mi, pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan ní Skọ́tláńdì ṣáájú 1855. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kò ní dà bí àyọjúràn, kí àlejò bíi tèmi máa tú ìtàn onílé?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ takuntakun, o sì kú ìfẹ́ ìlú tí o bá ara rẹ. Ìbéèrè mẹ́ta ni o dì pọ̀ bí ẹrù kan. Èkíní ni ibi tí wọ́n bí ọkùnrin kan. Èkejì ni ibi tí ìtàn ìlú kan fara pamọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni bóyá ìwọ ni ó yẹ kó wá a. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí irú iṣẹ́ yìí ní Skọ́tláńdì, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé ẹni tó bá jókòó ti “ìtàn ìlú” lódidi kì í rí ibi dì í mú. Ìlú fẹ̀ jù, kódà bó kéré bí Annan. Ilé kan ni kí o mú, tàbí ìdílé kan, tàbí ọdún kan, kí o wá máa fà á bí ẹni ń fa okùn. Màmá yẹn ti fi ilé kan lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí mi kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 1855 kúrò lọ́nà, nítorí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1855 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní Skọ́tláńdì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó gba iṣẹ́ náà, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Páríìṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ní ìwé tí akọ̀wé rẹ̀ ń kọ ìrìbọmi, ìkéde ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí, èyí tó sì pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, ti páríìṣì Errol, bẹ̀rẹ̀ ní 1553. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ìjọba péye, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lu. Bí akọ̀wé bá ṣàìsàn, ojú ewé ọdún kan lè ṣófo. Láti 1783 sí 1794, ìjọba ń gba owó lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sínú ìwé náà, ọ̀pọ̀ tálákà bá jókòó sílé wọn, wọn ò kọ orúkọ ọmọ mọ́. Ní 1843 ṣọ́ọ̀ṣì náà pín, àwọn tó bínú jáde dá tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tiwọn. Nítorí náà, bí o bá wá ènìyàn tí o kò rí i, wo ọdún tí o ń wò kí o tó sọ pé kò sí níbẹ̀. Ọdún 1788 tí wọ́n bí Hugh Clapperton wà láàárín ọdún owó yẹn gan-an.

Ohun kan tún wà nípa 1855 tí àwọn tó ń fi ọdún náà dẹ́rù ba ènìyàn kì í sọ. Ìwé ikú ní Skọ́tláńdì máa ń dárúkọ bàbá àti ìyá ẹni tó kú, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ìyá náà ti wá. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún tó kú ní Annan ní 1855, nǹkan bí 1785 ni wọ́n bí i, ọmọdé ìgbà Clapperton ni. Ìwé ikú rẹ̀ á wá sọ orúkọ àwọn òbí tí wọ́n ti dàgbà ṣáájú 1785. Ìwé ọdún 1855 fúnra rẹ̀ tún kún ju ti ọdún yòókù lọ, nítorí ìbéèrè tí ìjọba ní kí wọ́n máa bi àwọn ènìyàn lọ́dún náà pọ̀ débi pé wọ́n dín in kù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ka ikú àwọn arúgbó Annan láti 1855 sí 1860, ìwọ yóò rí i pé ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ó tì ni o ń gbà wọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú.

Bruce tí o ń rí níbi gbogbo ńkọ́? Ó ní ìdí. Nǹkan bí 1124 ni Ọba David Kìíní fi ilẹ̀ Annandale fún Robert de Brus, ìran ọkùnrin náà ló sì wá bí Robert Bruce tó jọba Skọ́tláńdì. Ìtàn ọba máa ń bo ìtàn aládùúgbò mọ́lẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì mọ̀ ju kó máa tún ohun tí ènìyàn ti kọ jù lọ sọ. Àmọ́ má kórìíra àwọn ìtàn náà. Òkìtì tí wọ́n kọ́ ilé olódi àwọn Bruce lé ṣì wà létí odò Annan, apá kan rẹ̀ sì ti bá odò lọ. Àwọn ará àtijọ́ ní èpè ni. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù Malachy tó wá láti Ireland dé sílé Bruce, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí olè kan, Bruce gbà fún un, ó wá yí padà lẹ́yìn rẹ̀, ó so olè náà kọ́. Malachy rí òkú náà nígbà tó ń lọ, ó ṣépè fún ìdílé náà àti ìlú náà. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Lanercost, lápá Ẹ̀ńgílándì, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn wọn. Nígbà tó yá, àwọn Bruce sọ Lochmaben di ibùjókòó wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nínú rẹ̀ ni pé odò gbé ilé lọ lóòótọ́, ènìyàn sì wá ìdí fún un. Ìtàn ẹnu kò purọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á ni o ní láti lọ wá níbòmíràn. Fi irú etí yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá náà.

Ogun tí o ń rí náà ní ìtumọ̀ fún ìwọ tó ń wá ìwé. Etí ààlà ni Annan wà, Ẹ̀ńgílándì ló wà lódìkejì omi Solway. Ní oṣù kejìlá 1332 wọ́n ká Edward Balliol, tó ń bá ìdílé Bruce du oyè ọba, mọ́ orí ibùsùn ní Annan, ìhòhò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tó fi sá lọ sí Carlisle. Ní 1547 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kógun ti ìlú náà, wọ́n fi ẹ̀tù ba ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará ìlú fara pamọ́ sí jẹ́, wọ́n sì sun ìlú. Ibi tí wọ́n bá ti ń sun ilé, ìwé kì í ṣẹ́ kù. Ìlú kan tó jìnnà sí ààlà lè ní ìwé ìgbìmọ̀ ìlú láti ìgbà pípẹ́. Má retí ohun tó pọ̀ nípa àwọn mẹ̀kúnnù Annan kó tó di bí ọdún 1600. Ìwádìí rẹ kọ́ ni yóò kùnà níbẹ̀, iná ló ti jẹ ohun tí ìwọ ìbá rí.

Ó kan ilé náà wàyí. Bàbá Clapperton, George, oníṣègùn ni ní Annan, ó sì bímọ púpọ̀. Hugh kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ a máa kó láti ilé dé ilé, nítorí náà má kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ilé wo ni. Ta ló ni ilé tí màmá náà ń tọ́ka sí ní 1788? Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn nìyẹn. Ẹ̀yìn ni kí o sì máa rìn sí, láti òní lọ sí àná, má ṣe fò láti 1788 wá. Láti 1855 ni wọ́n ti ń ṣe ìwé ìdíyelé ilé lọ́dọọdún, ó ń sọ ẹni tó ni ilé, ẹni tó yá a gbé, àti iye owó ilé. Ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, láti 1841 dé 1921, ń sọ àwọn tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìkànnì ìjọba tó ń jẹ́ ScotlandsPeople ni méjèèjì wà, àmọ́ kì í ṣe ìwé ìdíyelé gbogbo ọdún ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ra fún nọ́ńbà ilé: wọ́n a máa yí i padà, ẹni tó ń ka ènìyàn ní 1851 sì lè má kọ ọ́ rárá. Orúkọ aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì ni kí o fi mọ ilé, bí a ṣe ń ṣe nílé, tí a ń sọ pé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ.

Lẹ́yìn èyí ni máàpù. Láíbìrì ìjọba àpapọ̀ Skọ́tláńdì ti gbé máàpù àtijọ́ rẹpẹtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣeé ṣe láti gbé ti àtijọ́ lé ti òde òní kí o rí ògiri tó bá ògiri mu. Wá èyí tí John Wood yà nípa ìlú Annan ní 1826. Mo fẹ́ràn máàpù Wood gan-an, nítorí ọkùnrin yẹn a máa kọ orúkọ onílẹ̀ sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn ayàwòrán ìjọba tó tẹ̀ lé e kò ṣe. Bí o bá fi ìwé ìdíyelé 1855 dé orí máàpù 1826, ó ku ọdún méjìdínlógójì kí o dé 1788. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sasines ni yóò gbé ọ kọjá níbẹ̀. Láti 1617 ni wọ́n ti ń kọ ọ́, inú àpótí ìwé ìjọba ní Edinburgh ni ojúlówó rẹ̀ wà, wọ́n sì ti tẹ àkékúrú rẹ̀ jáde láti 1781 síwájú, pẹ̀lú orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibi tí o fi lè wá a. Ọdún tí ò ń wá bọ́ sínú èyí tó rọrùn.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Ẹni tó ra ilẹ̀, tó jogún rẹ̀ tàbí tó fi yáwó nìkan ni Sasines mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni oníṣègùn náà háyà ilé, ìwé yẹn kò ní dárúkọ rẹ̀ láé, ó sì ṣeé ṣe kí o rìn dé ìparí ọ̀nà kí o má rí ju orúkọ onílé rẹ̀ lọ. Ohun tí o máa lè sọ nígbà náà ni pé ilé náà ti wà ní 1788 tàbí kò tíì sí. Èyí tó sọ pé kò tíì sí ti yanjú ọ̀rọ̀. Mo ti rí ilé mẹ́ta ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń fi han àlejò gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n bí ẹni ńlá kan, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ikú ẹni náà ni wọ́n kọ́ méjì nínú wọn. Lóòótọ́, nígbà mìíràn ilẹ̀ ni kò yí padà, ilé nìkan ni wọ́n wó tí wọ́n tún kọ́. Màmá náà lè tọ̀nà nípa ilẹ̀.

Bí o bá ń wá ìgbé ayé ìlú lọ́jọ́ Clapperton, ìwé méjì ni mo fẹ́ kí o lò. Sir John Sinclair fi ìbéèrè tó lé ní 160 ránṣẹ́ sí àwọn àlùfáà páríìṣì gbogbo Skọ́tláńdì, wọ́n lé ní 900, nípa iye ènìyàn, oko, ẹja, owó iṣẹ́, ilé ìwé àti àwọn aláìní, wọ́n sì tẹ ìdáhùn wọn jáde láàárín 1791 sí 1799. Wọ́n tún irú rẹ̀ ṣe láàárín 1834 sí 1845. Ìdáhùn Annan wà nínú méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà wọn. Ẹni tí o máa bá pàdé níbẹ̀ ni àlùfáà tó mọ̀wé, tó fẹ́ kí páríìṣì òun dára lójú ayé. Kò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe lẹ́yìn ilé. Ìwé kejì ló ń sọ ìyẹn: àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ, ẹni tó mutí lọ́jọ́ ìsinmi, aládùúgbò méjì tó bú ara wọn, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín owó fún opó. Láti 2021 ni àwòrán púpọ̀ nínú wọn ti wà lórí ScotlandsPeople. Ohùn ẹni tí kò mọ̀wé kọ ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń dá a lẹ́jọ́ ló kọ ọ́. Ní Annan kan náà, ní oṣù kẹta 1833, àwọn àlùfáà dá Edward Irving lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ lóyè àlùfáà nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìròyìn ìyẹn kún inú ìwé gbogbo. Ti ọmọbìnrin tó lóyún ni kò ní ibòmíràn.

Èdè ìwé àtijọ́ yóò dá ọ dúró, ó dá èmi náà dúró. Nílùú kan ní àríwá mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní “writer”, mo fi oṣù kan wá ìwé tó kọ. Agbẹjọ́rò ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ ní Skọ́tláńdì nígbà náà. “Relict” ni opó, “umquhile” sì ni olóògbé. Owó náà kì í ṣe owó kan: pọ́n-ùn Skọ́tláńdì méjìlá ló jẹ́ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan nígbà tí ìjọba méjèèjì para pọ̀ ní 1707, nítorí náà ẹni tó jẹ gbèsè ọgọ́ta nínú ìwé 1690 lè má jẹ ju márùn-ún lọ. Orúkọ yóò tún dà ọ́ láàmú, nítorí wọ́n a máa sọ àkọ́bí ọkùnrin lórúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì lórúkọ bàbá ìyá rẹ̀, títí tí ọmọ ìyá márùn-ún yóò fi ní William márùn-ún nínú àwọn ọmọ wọn. Ohun tó máa gbà ọ́ ni pé ìwé Skọ́tláńdì kì í pa orúkọ ìdílé obìnrin rẹ́ nítorí pé ó lọ sílé ọkọ. Ó wà lára òkúta ibojì, ó wà nínú ìwé ikú. Ipasẹ̀ ìyá ni kí o tọ̀ nígbà tí ti bàbá bá dàrú.

Ìwọ ọmọ Yorùbá, o ní ohun kan tí ará Annan púpọ̀ kò ní. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1825 ni Clapperton gúnlẹ̀ sí Badagry, ó gba ilẹ̀ wa kọjá, ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní 1826. Ó kú nítòsí Sókótó ní oṣù kẹrin 1827, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sìn ín, Richard Lander, ló gbé ìwé ìrìn àjò rẹ̀ padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1829. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro. Ìyẹn ló mú kí ohun tí ọmọ oníṣègùn Annan fi ojú rẹ̀ rí ní ààfin ṣe iyebíye fún wa, pẹ̀lú gbogbo ohun tí kò yé e. “Katunga” ló pe ìlú náà, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é. Ka ìwé náà bí ẹni tó mọ ilé. Ìwọ lè sọ fún àwọn ará Annan ibi tí ọmọ wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ibi tó ti ṣì í gbọ́, ìwé Annan kò sì ní sọ ìyẹn fún wọn láé. Bí o bá tún fẹ́ mọ̀ bóyá owó ẹrú wọ àdúgbò náà, Yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkójọ orúkọ àwọn tó gba nínú mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn tí ìjọba san fún àwọn olówó ẹrú lẹ́yìn òfin 1833. Fi orúkọ Dumfriesshire, àgbègbè tí Annan wà nínú rẹ̀, wá a. Ohunkóhun tí o bá rí, kọ ọ́ bó ṣe wà.

Wọ́n máa ń sọ nílé pé àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú iṣẹ́ yìí mo ti rí i tó jẹ́ ìdàkejì. Ọmọ ìlú kì í béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi àwọ̀n ńlá tó ní férémù igi dúró sínú omi Solway títí dé àyà láti pa ẹja, tí wọ́n ń pè ní “haaf”, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àwọn ará Norway àtijọ́ wá. Àlejò á béèrè. Àwọn ará ìlú kékeré kì í bínú sí ìbéèrè tó ní ilé, ọdún àti orúkọ nínú. Ẹni tó bá wá sọ fún wọn pé òun fẹ́ kọ ìtàn wọn ni wọ́n máa ń wò láti òkè délẹ̀. Láíbìrì Ewart (Ewart Library) tó wà nílùú Dumfries ni ìwé àtijọ́ àgbègbè náà wà, ọkọ̀ ojú irin kò sì gba àkókò láti Annan. Kọ̀wé sí wọn kí o tó lọ, sọ ohun kan ṣoṣo tí o fẹ́ wò. Bí owó bá há, ṣe ohun ọ̀fẹ́ tán kí o tó ra àwòrán ìwé kankan. Mi ò ní ní kí o gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí ń gba owó báyìí, àfi bó bá kan Sasines ní Edinburgh, níbi tí ọjọ́ kan ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè tó oṣù kan tìrẹ.

Iṣẹ́ kan wà tí kò lè dúró de ìwé. Màmá náà lè mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Chapelcross, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí wọ́n ṣí lẹ́bàá ìlú ní 1959, tí wọ́n wó ilé gogoro rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2007. Àwọn òbí rẹ̀ lè ti sọ fún un nípa afárá ojú irin tó gba orí Solway kọjá, tí yìnyín fọ́ ní 1881, tí àwọn ọkùnrin Annan wá ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ lọ mutí ní Ẹ̀ńgílándì lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn tí ọkọ̀ kò gbà á mọ́, kí wọ́n tó wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni o jẹ́, ìyẹn sì ní òfin tirẹ̀. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀, bá àwọn ọmọ màmá sọ̀rọ̀, gba àṣẹ màmá fúnra rẹ̀ kí o tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, má sì ṣe é nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Tí wọn kò bá gbà, fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, má kọ́kọ́ bi í ní ilé tí wọ́n bí Clapperton sí. Ó ti sọ ìyẹn. Bi í pé ta ló sọ ọ́ fún òun, ibo ni wọ́n dúró sí nígbà tí ẹni náà nawọ́ sí ilé ọ̀hún, àti ọmọ ọdún mélòó ni òun nígbà yẹn.